Màmá Kò Fẹ́ Sun Oorun Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀pọ̀ àgbà Ẹ̀gbá ni kò bẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà tó oorun tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Màmá mi ní Ìtòkò, l'Ábẹ́òkúta, ní òun kò ní sun oorun tí òun kò mọ ìgbà tí òun yóò jí. Ẹni ọdún 83 ni. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn rẹ̀ ti le koko, kò ṣí dáadáa mọ́.

Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ṣe é, ní 2023. Wọn kò la àyà rẹ̀. Irú iṣẹ́ tí Dókítà Alain Cribier kọ́kọ́ ṣe ní Rouen, ilẹ̀ Faransé, ní 2002 ni: wọ́n gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan gbé ilẹ̀kùn tuntun, tí a fi awọ tí ó bo ọkàn màlúù ṣe, dé ọkàn.

Dókítà akunnilóorun ni mo yìn jù. Ó béèrè eyín àtọwọ́dá, ó béèrè àgbo, nítorí ewé mìíràn a máa mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù. (Màmá kọ́kọ́ sẹ́!) Ó ní oorun àsùnwọra lè mú kí ìfúnpá irú ọkàn bẹ́ẹ̀ já wálẹ̀. Nítorí náà, ó fún itan ní abẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí ó mọ ìrora, pẹ̀lú oògùn ìtòògbé díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun èlò oorun gidi wà nítòsí.

Èdè Ẹ̀gbá nìkan ni Màmá gbọ́. Mo kọ́ dókítà náà láti wí pé, "Màmá, ṣé ó ń dùn yín?" Wọ́n ní ohun tí Màmá fi dá a lóhùn lórí tábìlì ni pé, "Ẹ ṣe kíá, ebi ń pa mí."