Ọ̀rọ̀ Owó YouTube Tí Ẹ Ń Bi Wá

Sọ́ńdè tó kọjá la ṣèlérí pé a máa kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí, kí àwọn tí kò sí ní ìjọ lọ́jọ́ náà àti àwọn ará wa tó wà lókè òkun lè rí i kà. Ó gùn díẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún wa.

Ìbéèrè tó ń dé etí wa láti bí oṣù mẹ́ta ni pé, "Dádì, gbogbo fídíò ìsìn wa tó wà lórí YouTube yìí, ta ló ń gba owó ẹ̀?" Àwọn kan fi ọ̀wọ̀ bi wá. Àwọn kan bi ara wọn lẹ́yìn wa, ó sì padà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ṣáà mọ Pleasure, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn dé ilé onílé. A ò bínú. Ó yẹ kí ọmọ ìjọ lè béèrè ọ̀rọ̀ owó. Ìdáhùn kúkúrú ni pé kò tíì sí kọ́bọ̀ tó wọlé. Ìdáhùn gígùn ló wà nísàlẹ̀ yìí, torí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ ṣe kí owó náà lè wọlé ló fa ìpàdé tí a ṣe lọ́jọ́ Tuesday, tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ká tó túká.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí owó yẹn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ wa rò pé YouTube ń fún èèyàn lówó torí pé fídíò rẹ̀ dùn. Rárá o. Ẹni tó ń polówó ọjà ló ń sanwó. Ẹ lọ dúró ní ibùdókọ̀ Pleasure nírọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ń wá ọkọ̀ Ìyánà-Ìpájà, ẹ máa rí bàbá tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Kò ní kọ́kọ́ dárúkọ àgbo. Á ṣe yẹ̀yẹ́, á kọrin, á pa àwọn kọ̀ńdọ́ lẹ́rìn-ín, títí èrò á fi rọ̀gbà yí i ká. Ìgbà yẹn ló máa tó yọ ìgò. Tí bàbá yìí ò bá mọ àwàdà ṣe ńkọ́? Á lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, á ní, "Ìwọ bá mi kó èrò jọ, jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan, màá fún ẹ ní nǹkan." Ẹni tó kó èrò jọ yẹn ni ẹni tó ń ṣe fídíò. Alágbo ni ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tajà. Onílẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni YouTube, tí Google rà ní ọdún 2006.

Onílẹ̀ kì í fi tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú owó ìpolówó orí fídíò gígùn, ìdá 55 nínú 100 ni ti ẹni tó ṣe fídíò, YouTube á mú 45. Ti fídíò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Shorts yàtọ̀: wọ́n á da owó pọ̀ sójú kan, wọ́n á pín in gẹ́gẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe wo ti kálukú tó, nínú ìpín tó bá sì kan ẹnì kan, 45 nínú 100 ló máa dé ọwọ́ rẹ̀. Facebook náà ṣílẹ̀kùn irú owó ìpolówó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹ ò rí i bí gbogbo àdúgbò ṣe kún fún ẹni tó gbé fóònù sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta?

Owó náà ò sì dọ́gba. Ẹni tó jókòó sí Houston tàbí Peckham, iye tí olùpolówó máa san kó lè bá a sọ̀rọ̀ pọ̀ dáadáa ju ti ẹni tó ń wo fídíò kan náà ní Pleasure lọ, torí wọ́n gbà pé ti ọ̀hún lówó tó máa fi rajà. Ó wà lára ohun tó ń fa àwọn onífíìmù wa lọ sórí YouTube. Mount Zion tí Bàbá Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, YouTube ni ọmọ wọn Damilola ń gbé Abejoye sí. Omoni Oboli gbé Love in Every Word sórí ìkànnì tirẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025, kò sì tó oṣù kan tí wọ́n fi wò ó ju ìgbà mílíọ̀nù 20 lọ. Àmọ́ Amẹ́ríkà náà ń bù tirẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni YouTube ti ń yọ owó orí Amẹ́ríkà. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ò ní àdéhùn lórí owó orí, nítorí náà 30 nínú 100 ló ń lọ nínú owó tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wo fídíò lọ́hùn-ún. Apá tibẹ̀ nìkan o. Ẹni tí kò bá kọ fọ́ọ̀mù owó orí, wọ́n lè yọ ọ́ nínú gbogbo owó rẹ̀, títí kan ti Nàìjíríà. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe àwàdà lórí fóònù, ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù yín lónìí.

Ó dára. Kí èèyàn tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìpolówó, ó gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó tẹ subscribe, kí wọ́n sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. (Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n wo Shorts rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó lágbára.) Ẹ bá wa ṣírò wákàtí 4,000 yìí. Ìsìn wa ń gba wákàtí méjì. Tí èèyàn 100 bá wò ó délẹ̀, wákàtí 200 nìyẹn. Sọ́ńdè 20 péré, ó ti pé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mídíà fi ìṣirò hàn wá: ọ̀pọ̀ ló ń wọlé, tó ń gbọ́ orin kan, tó sì ń jáde kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Èèyàn 100 ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú ni. Ó máa ń dun ẹni tó ń wàásù, àmọ́ òótọ́ ni.

Ní báyìí, a ti kọjá 1,000. Ó ku wákàtí 2,600. Àwọn ọ̀dọ́ wa wá mú àbá wá. Kí ọmọ ìjọ 200 ra dátà òru tí kò wọ́n, kí wọ́n tan fídíò ìsìn láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, kí wọ́n dojú fóònù bolẹ̀, kí wọ́n sì sùn. Fóònù 200, wákàtí méje, 1,400 nìyẹn lálẹ́ kan. Alẹ́ méjì, 2,800. Ìṣirò náà pé. Àwọn àgbà ìjọ kan ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, torí a ṣì jẹ gbèsè páànù òrùlé, gbogbo wa la sì mọ ibi tí òjò ń gbà wọlé.

A ní rárá.

Ẹnì kan sọ pé, "Dádì, Google ò ní mọ̀. Tí wọ́n bá tiẹ̀ mọ̀, ṣé owó ni wọn ò ní ni?" Lóòótọ́, òfin YouTube kọ irú ẹ̀tàn yìí, wọ́n lè yọ àwọn wákàtí náà kúrò, wọ́n sì lè ti ìkànnì pa. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní wọn ò ní mọ̀ láéláé, ìdáhùn wa ò ní yí padà. Owó tí a fẹ́ gbà yẹn kì í ṣe owó Google. Owó alágbo ni. Arábìnrin kan wà láàárín wa tó ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà. Nígbà tó bá rí 10,000 náírà yọ nínú èrè, ó máa ń fi san owó ìpolówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ìyá ọmọ lè rí ọjà rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó ní ká bá òun gbàdúrà: owó ìpolówó ń tán, wọ́n ń sọ fún un pé àwọn èèyàn ń wò ó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pè. A bá a gbàdúrà. Ṣé àwa kan náà la máa wá tan fóònù 200 sílẹ̀ lóru, kí ìpolówó irú ẹ̀ máa ṣí lábẹ́ ìrọ̀rí, lójú ẹni tó ń sùn, kí owó ẹ̀ sì máa wọ àpò ìjọ lẹ́yìn ọ̀la? Òṣùwọ̀n èké ni. Pé ó wà nínú fóònù ò sọ ọ́ di nǹkan míì.

Arákùnrin kan tún bi wá ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Ó ní Màmá kan nínú ìjọ wa máa ń tan ìwàásù sílẹ̀ mọ́jú, ṣé àwọn náà ń dẹ́ṣẹ̀ ni? Rárá. Màmá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run máa dún nínú ilé wọn ni. Tí wọ́n bá ta jí lóru, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń ka wákàtí níbì kan. Ohun tí a kọ̀ ni pé ká jọ fẹnu kò pé a ò ní wò ó, ká wá ní kí wọ́n sanwó fún wa bí ẹni pé a wò ó. Ìdí yìí kan náà ni a fi ní kí ẹ má fi orúkọ ìjọ wọ àwọn ẹgbẹ́ "tẹ tèmi kí n tẹ tìrẹ" lórí WhatsApp, kí ẹ má sì máa tẹ ìpolówó láti fi ran ìjọ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà kan ní tiwọn sọ pé ká má bá ìpolówó ṣe rárá, pé ilé Ọlọ́run kì í ṣe ọjà. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo létí wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé láti 2021, YouTube lè fi ìpolówó sórí fídíò ẹnikẹ́ni, yálà ó wà nínú ètò wọn tàbí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló lè dí àwọn ẹ̀ka ìpolówó kan, òun ló sì lè sọ pé kí wọ́n má fi ìpolówó sáàárín fídíò òun, torí fídíò tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó lè wọ àárín rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: àdúrà ń lọ lọ́wọ́, ẹnì kan wà lórí ìkúnlẹ̀ nílé rẹ̀, ìpolówó tẹ́tẹ́ bá yọ lójú fóònù. Ṣé àwọn ọmọkùnrin àdúgbò yìí ṣì nílò ẹni tó máa júwe ilé tẹ́tẹ́ fún wọn? Nítorí náà, tí wákàtí tòótọ́ bá pé, a máa wọlé. A máa pa ti àárín ìsìn, a sì máa dí ohun tí wọ́n bá gbà ká dí.

Ẹ má ro owó ńlá sí i o. Orin ìyìn wa, orin olórin ló pọ̀ nínú ẹ̀. YouTube ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Content ID tó ń dá orin mọ̀, tó bá sì ti dá a mọ̀, ẹni tó ni orin lè ní kí owó orí fídíò náà máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Inú wa dùn sí i. Ẹni tó jókòó kọ orin, ẹ jẹ́ kó jẹ níbẹ̀.

Kò sì sí èyí tí a máa gbé òrùlé lé lórí nínú ẹ̀. Ní Ìkọ̀tún tí kò jìnnà sí wa yìí, Emmanuel TV ti Wòlíì T.B. Joshua ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.8 tó tẹ subscribe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, YouTube ti ìkànnì náà pa, wọ́n ní àwọn fídíò kan níbẹ̀ tako òfin wọn lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra. (Ẹ jọ̀ọ́, a ò fẹ́ àríyànjiyàn nípa olóògbé náà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.) Ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo wa dúró lé. Owó páànù á máa ti ọwọ́ wa wá, bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Arákùnrin tó ṣí ìkànnì wa ní 2020, nígbà tí ìjọba ní kí ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì nítorí kòrónà, email tirẹ̀ ló fi ṣí i. Kò jí nǹkan kan, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn. Ó ti fi tẹ̀ríntẹ̀rín gbà kí a fi èèyàn méjì kún un. AdSense tí owó máa gbà wọlé, orúkọ tí ìjọ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba la máa fi ṣí i, pẹ̀lú àpò báǹkì tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí owó tó jáde. Tí owó bá ti tó dọ́là 10, Google á fi lẹ́tà tó ní PIN ránṣẹ́. Tó bá pé dọ́là 100, wọ́n á sanwó láàárín ọjọ́ 21 sí 26 nínú oṣù. Lẹ́tà yẹn ló ń jẹ wá lọ́kàn díẹ̀, torí ilé mẹ́ta ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà ní òpópónà wa.

Arákùnrin yìí kan náà ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di aago méjì òru lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú dátà tirẹ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Láti oṣù tó ń bọ̀, àpò ìjọ ló máa rà á, yálà YouTube sanwó tàbí wọn ò san. Tí owó ìpolówó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ti àwọn ọmọ mídíà. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ní ó pọ̀ jù. A ní kó wá bá wọn ṣe àìsùn Sọ́ńdè kan ná.

Sọ́ńdè yìí, lẹ́yìn ìsìn kejì, wọ́n máa gbé ìṣirò náà sára ògiri kí gbogbo wa jọ rí i: wákàtí tó ti wọlé, ìlú tí àwọn tó ń wò wá wà, àti iye tó kù. Ẹ mú ìbéèrè yín dání, kódà èyí tó bá le. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, a máa fi link sórí WhatsApp ìjọ ní aago kan ọ̀sán.