Àwọn Àlejò Oníyẹ̀ẹ́ ní Adágún Owabi

Bí àwọn tó fẹ́ lọ wo ẹyẹ bá kúrò ní Ayigya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì KNUST ní Kumasi, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ń la ìlú kọjá lọ sí Owabi. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í wọ aṣọ tó ń tàn yòò. Oṣù kẹwàá dára fún un, nítorí ìgbà náà ni òtútù ń lé àwọn ẹyẹ Yúróòpù wá sí Áfíríkà. Ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe gbogbo alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń rí ni ọmọ onílẹ̀!

Ọdún 1928 ni wọ́n dí odò Owabi kí Kumasi lè rí omi mu. Àwọn Yorùbá tó ṣòwò níbẹ̀ kí ìjọba Busia tó lé àlejò ní 1969 náà mu nínú rẹ̀. Ní 1971, ibẹ̀ di ibi ààbò ẹranko. Ní 1988, ó wọ inú àdéhùn Ramsar tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi.

Ṣùgbọ́n ilé ti ń sún mọ́ etí omi. Igbó tó yí adágún náà ká ló ń dá ìdọ̀tí dúró. Bí wọ́n bá gé e tán, ẹrẹ̀ yóò wọ́ wọlé, ibi tí ẹyẹ ti ń jẹ yóò sì bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ omi yìí kan náà ni wọ́n ń fà lọ sínú ẹ̀rọ fún aráàlú.