Eèmọ́ tó wà lára kòkòrò Sìdá



Ọ̀rọ̀ Sìdá la bá wá, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní éèdì. Àwa olùkọ́ ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí: ẹni kan gba ìwé àyẹ̀wò, wọ́n kọ « indétectable » sí i, ó ní àrùn ti tán, ó pa oògùn tì. Ó ń dẹ́rù bà wá.

Ẹ wo eèmọ́, koríko tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bí a bá ń gun òkè wa. Kòkòrò Sìdá ní ohun tó jọ ọ́ lára, gp120 lorúkọ rẹ̀. Kì í lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo. CD4 ló ń wá, èyí tó wà lára àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ló máa di CCR5 tàbí CXCR4 mú, kó tó wọlé. Ẹ̀fọn kò ní CD4, ìdí nìyẹn tí kòkòrò náà kò fi lè bí sí i nínú rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tó ti kó o a máa gbé gp120 jáde sára awọ rẹ̀. Bó bá fara kan aládùúgbò tó ní CD4, àwọn méjèèjì á lẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ kòkòrò á sì gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yá ju kí ẹyọ kan máa léfòó kiri nínú ẹ̀jẹ̀ lọ.

« Indétectable » túmọ̀ sí pé ohun tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kéré ju èyí tí ẹ̀rọ lè kà. Ẹni tó bá dúró bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni, ìròyìn ayọ̀ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kòkòrò ṣì sùn sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, níbi tí oògùn kò lè pa á. Bí a bá dá oògùn dúró, á jí, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eèmọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀.

Bàbá kan tún bi wá bóyá òun lè lo oògùn àbúrò òun, nítorí tòun ti tán. A ní rárá. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, oríṣi kejì wà, VIH-2, tí Souleymane Mboup ará Senegal wà lára àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ ní 1985. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ju VIH-1 lọ, àmọ́ oògùn bíi efavirenz kò ràn án rárá. Inú bàbá kò dùn: ilé ìwòsàn jìn, owó zémidjan kì í ṣe kékeré. Ó lọ ní ọjọ́ kejì.