Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Ẹsẹ̀ Iwájú Alùpùpù Mi

Iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà ni mo ń ṣe ní àwọn abúlé agbègbè Kétu. Ọ̀nà oko ni mo ń gbà, ìdí nìyí tí mo fi ń gun Yamaha DT 125. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, táyà rẹ̀ ní eyín, kò bẹ̀rù ẹrẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjì ló di táyà iwájú mú. Nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irin dídán kan ń wọlé tó ń jáde nínú irin mìíràn. Sípíríǹgì àti òróró wà níbẹ̀. Sípíríǹgì ló ń gbé kẹ̀kẹ́ sókè. Òróró ni kì í jẹ́ kí ó máa fò sókè-sódò.

Ní ọdún 2021, mo já sí kòtò, irin dídán méjèèjì sì tẹ̀. Àwọn kan ní kí n lù wọ́n kí wọ́n tọ́. Mo kọ̀, nítorí irin tó ti tẹ̀ ti pàdánù agbára rẹ̀. Mo ra àlòkù méjì tó bá kẹ̀kẹ́ mi mu. Mo yí irin wọn lórí gíláàsì, wọn kò mì. Mo fi èékánná wá ìpẹtà, nítorí ìpẹtà a máa gé rọ́bà tó ń dá òróró dúró.

Mo gbé àpótí sábẹ́ ẹ̀ńjìnnì kí táyà lè kúrò nílẹ̀. Mo tú ìjánu, mo yọ táyà, mo dẹ nọ́ọ̀tì òkè, mo fa ẹsẹ̀ àtijọ́ jáde, mo ti èyí tí mo rà bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, kíláàsì sì ń dúró dè mí. Ojú lásán ni mo fi wọn òróró. N kò wo gíga ẹsẹ̀ méjèèjì, n kò sì fún nọ́ọ̀tì dáadáa.

Ẹ̀yin ará, mo gun gbòǹgbò igi kan, táyà yà sí òsì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣì wà ní ọ̀kánkán! Inú igbó ni mo bá ara mi. Orúnkún mi bó, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fọ́n ká sínú ẹrẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn tó ń tún alùpùpù ṣe ló wá bá mi tú u palẹ̀. Ó mú ìwé àjákọ rẹ̀ jáde, ó kọ «ọ̀tún» àti «òsì». Ó wọn bí orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe yọ sókè, ó kọ ọ́, ó sì mú wọn dọ́gba. Ife kan náà ló fi wọn òróró fún méjèèjì. Nígbà tó dá táyà padà, ó tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹsẹ̀ lè jókòó dáadáa, kó tó wá fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ pinpin. Ó dán ìjánu wò kó tó jẹ́ kí n gùn ún.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ báyìí. Ó rẹ́rìn-ín: «Olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ ní kí a máa kọ ohun tí a kò bá fẹ́ gbàgbé.»

Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Ìwọ náà, kí o tó tú nọ́ọ̀tì kan, wọn ohun tó wà níbẹ̀, kí o sì kọ ọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.