Ọkọ̀ Tó Dàgbà Ń Fẹ́ Ìtọ́jú

Honda Prelude tòkunbọ̀ ọdún 1998 ni ìdílé wa ń gùn láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣágámù. Nítorí pé kì í rìn púpọ̀, àwọn kan ní kò tíì tó sáfíìsì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dúró sílé náà ń gbó. Rọ́bà ni timing belt rẹ̀. Bó bá já lórí eré, písítìn á lu fáàfù, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ á sì bá a lọ. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí bíréèkì bá wá gbóná, ẹsẹ̀ á kàn rì wọlẹ̀ lásán. Táyà pàápàá ní ọjọ́ orí: bí nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Owó wa kò ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ni tọkọtaya wa ṣe fẹnu kò: táyà àti bíréèkì ṣáájú, nítorí ẹ̀mí, timing belt tẹ̀lé e, nítorí àpò. Kí a tó gba oríta Ṣágámù bọ́ sí títì márosẹ̀ Èkó, a ó gbàdúrà, a ó sì yẹ táyà wò. Ọ̀dà tó ti ṣá lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣá.