Ọkọ̀ Ogun Orí Tábìlì

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá ní sùúrù, tí ó fara balẹ̀ kun èèrà, yóò rí ìfun rẹ̀. Bí òwe yìí ti gbajúmọ̀ tó láàárín wa, díẹ̀ ni ẹni tí ó ti fojú rí ẹni tí ń kun èèrà. Mo ti rí ọ̀kan. Ọkọ̀ òfuurufú ogun ni èèrà tiwọn. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń tò ó jọ, ní ìwọ̀n tí ọmọdé lè fi ọwọ́ méjì gbé, wọ́n sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ náà kò ní fò láé. Kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́, kò ní epo, kò sì sí ẹni tí yóò wà á. Síbẹ̀, bí àmì ìṣó kan ṣoṣo bá ṣìnà lára rẹ̀, ẹni tí ó ni ín kò ní rí oorun sùn.

Ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú akérò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo gba ìsinmi tí yunifásítì máa ń fún olùkọ́ láti fi ṣe ìwádìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo dé sí, inú gáréèjì wọn ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí ó kan ìbéèrè kan tí àwa tí a ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà Yorùbá kò yé bi ara wa: kí ni à ń pè ní ìwọ̀n?

Àṣà ṣíṣe àwòṣe ọkọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Jàpáánù. Ní ọdún 1963 ni àwọn tí ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní International Plastic Modellers' Society. Ẹgbẹ́ náà sì ti ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí ó ra páálí lọ́jà, tí ó bá gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ nínú rẹ̀, tí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí ó sì kùn wọ́n lọ́dà. Èkejì ni ti ẹni tí kò ra ẹ̀yà kankan, tí ó jẹ́ pé láti orí ike pẹlẹbẹ, igi fúyẹ́fúyẹ́ àti wáyà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ra ẹ̀kọ àti ẹni tí ó rẹ àgbàdo ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tí ń rẹ àgbàdo.

Ọkọ̀ tí wọ́n yàn ni MiG-17, jẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Soviet tí ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950. Irú rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbà ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, ní Ìbàdàn. Wọ́n rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn bàbá wa, wọ́n sì ń yà á sí ẹ̀yìn gbogbo ìwé ìṣirò wọn. Èmi kò tí ì dáyé. Ọdún 1970 tí ogun náà parí ni wọ́n bí mi. Ọkọ̀ tí ọmọdé yà sí ẹ̀yìn ìwé ni àgbàlagbà ń ṣe báyìí.

Ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ni wọ́n dín in kù sí. Ojúlówó ọkọ̀ náà gùn tó mítà 11.26, ó sì fẹ̀ tó mítà 9.63 láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé ìkejì. Bí a bá pín èyí sí ọ̀nà 24, ọkọ̀ orí tábìlì yóò gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 47, yóò sì fẹ̀ tó 40. Ìṣirò yìí kò fàyè sílẹ̀ fún ìwà ó-ti-tó-bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá fi mìlímítà kan péré yẹ̀, bí ẹni pé ẹni tí ó kan ojúlówó ọkọ̀ fi mìlímítà 24 ṣìṣe ni.

Wọ́n kọ́kọ́ kó àwòrán tí ó fi ọkọ̀ náà hàn láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú jọ. Wọ́n gé ike pẹlẹbẹ ní róbótó-róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ibi tí yóò ti wà nínú ara ọkọ̀, wọ́n sì tò wọ́n sára ọ̀pá gbọọrọ kan bí egungun ẹja. Wọ́n fi igi fúyẹ́fúyẹ́ dí àárín wọn, wọ́n fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, wọ́n fi pọ́tì rẹ́ ẹ, wọ́n sì ń fi sáńpépà ha á lójoojúmọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀ bí èèpo ẹyin. Fún gíláàsì tí ó bo orí awakọ̀, wọ́n gbẹ́ igi ní àwòrán rẹ̀, wọ́n yá ike tí ó mọ́ gaara nínú iná títí ó fi rọ̀, wọ́n sì fà á bo igi náà kí ó tó tutù. Kẹ̀kẹ́ eléyín tí àwọn aránṣọ fi ń sàmì sí aṣọ ni wọ́n yí lára ọkọ̀ náà láti fi orí ìṣó hàn ní ẹsẹẹsẹ. Fóìlì ẹnu ìgò wáìnì ni wọ́n gé ṣe bẹ́líìtì awakọ̀.

Ìbọn ńlá mẹ́ta ni MiG-17 ní lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀: ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 37 ní apá ọ̀tún, àti méjì tí ẹnu wọn jẹ́ mìlímítà 23 ní apá òsì. Bí a bá dín wọn kù sí ìdá mẹ́rìnlélógún, ẹnu àwọn ti òsì kò tó mìlímítà kan. Abẹ́rẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gún ènìyàn ni ẹ̀gbọ́n mi gé láti fi ṣe wọ́n. Mo wo abẹ́rẹ́ ìwòsàn tí ó di ìbọn, n kò sì sọ nǹkan kan.

Ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè sá fún ìtàn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ó dìde bí ògiri lórí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan MiG-17, tí ń darí afẹ́fẹ́ kí ó má baà ṣàn lọ sí ṣóńṣó ìyẹ́. Méjì péré ni MiG-15 tí ó ṣáájú rẹ̀ ní. Ẹni tí ó bá ṣe méjì ti ṣe ọkọ̀ mìíràn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹ̀lú ní ìdílé tirẹ̀: ọmọ-ọmọ ni ó jẹ́ fún ẹ́ńjìnnì Nene ti ilé iṣẹ́ Rolls-Royce, èyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n tà fún ilẹ̀ Soviet ní ọdún 1946, tí àwọn yẹn sì ṣe àdàkọ rẹ̀. Nígbà tí ogun tiwa dé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Soviet, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣọ̀tá níbi gbogbo, jọ ń pèsè ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀. Àwọn ará Íjíbítì àti àwọn àjòjì mìíràn tí wọ́n gba owó láti jagun wà lára àwọn tí ó wa MiG náà. Gbogbo èyí ni ó wà lábẹ́ àmì róbótó aláwọ̀ ewé àti funfun tí ẹ̀gbọ́n mi fi búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta kùn sí ìyẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a fi ń fi irú ìfẹ́ báyìí ṣe ọ̀ṣọ́ sára ohun tí a dá láti fi pànìyàn. Kí Yorùbá má ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa gbẹ́ jagunjagun lórí ẹṣin tọ̀kọ̀tọ̀kọ̀, a sì ń yìn wọ́n títí dòní. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀. Ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, tí ó wà ní Art Institute of Chicago lónìí. Ọba jókòó, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, ní iwájú ẹsẹ̀ ọba, àwọn ènìyàn mìíràn kéré bí ọmọ ọwọ́. Ọlọ́wẹ̀ kò ṣàìmọ bí ènìyàn ti ga tó. Iyì ni ó fi wọn olúkúlùkù. Bákan náà, orí ère Yorùbá sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí àgbàlagbà gan-an kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Agbẹ́gilére mọ ohun tí orí jẹ́ fún ọmọ ènìyàn, ó sì fún un láyè.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, kò sí ibi tí o kì í sọ di kíláàsì. Rúlà kì í ṣe ojúsàájú." N kò lè jà wọ́n níyàn.

Ọmọ Ìgbò ni ìyàwó wọn, ẹ̀bá Umuahia ni wọ́n ti bí i. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nítorí pé ó bá mi nílé, "ọkọ mi" ni ó ń pè mí. Yorùbá rẹ̀ sì dán mọ́rán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti wà nínú ẹbí wa, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun lẹ́nu rẹ̀ rí. Kì í sábà wọ gáréèjì náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé tíì wá fún wa, ó sì dúró, ó ń wo ọkọ̀ náà, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń kùn ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Dádì, òkè tí ẹ ti ń tún ṣe láti ọjọ́ yìí, àwa ò rí i rí. Ikùn rẹ̀ la mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìyàwó wa wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, láìgbé ohùn sókè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ní ọdún 1968. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe sá aṣọ funfun síta. Wọ́n gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, kí ọmọdé dojú bolẹ̀. Ní ọjọ́ kan, òun kò dojú bolẹ̀. Ó rí ikùn kan tí ń dán bí ikùn ẹja, ó sì ti kọjá lọ kí ariwo rẹ̀ tó kún etí òun. Ọjà ni ọkọ̀ náà lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó ti lọ ra iyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò padà wálé.

"Ṣé kí n kó o kúrò ńlẹ̀ ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ni ó béèrè bẹ́ẹ̀.

"Rárá o," ni ó dáhùn. "Ọdún mẹ́ta lẹ ti fi ṣe é. Ẹ ṣe é kó pé."

Yorùbá ní ẹni tí ó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ni ó ṣu. Ọmọdé tí ń ya àwòrán ni wọ́n. Ṣùgbọ́n apá ibi tí ọkọ̀ ti gbéra ni wọ́n wà, apá ibi tí ó ń lọ ni ìyàwó wọn wà, ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sì mọ̀. Àwa tí a ń ka ìwé ìtàn ogun náà mọ̀ pé òkè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wo ilẹ̀: iye ọkọ̀, iye ọmọ ogun, orúkọ ìlú tí a gbà àti ọjọ́ tí a gbà á. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Apá kan òótọ́ ni.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ikùn ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Wọ́n tún ẹsẹ ìṣó rẹ̀ tò, wọ́n ya ìlà ilẹ̀kùn tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbà wọlé, wọ́n fi ọ̀dà dúdú díẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹnu ìbọn níbi tí èéfín máa ń dé. Nígbà mìíràn wọ́n á pe ìyàwó wọn, wọ́n á bi í bóyá nǹkan wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá rántí ni yóò sọ. Ohun tí kò bá rántí, wọn kò fi í síbẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀, wọ́n kọ̀ láti gbé e ka orí tábìlì mọ́; wáyà ni wọ́n fi so ó rọ̀ sí àjà, kí ẹni tí ó bá wọlé lè gbójú sókè wò ó.

Lórí tábìlì lábẹ́ rẹ̀, mo rí igi tín-ín-rín kan tí a gbé nàró, tí kò ga tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Mo béèrè ohun tí ó jẹ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà," ni wọ́n wí. "Bí ó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 115, pín in sí mẹ́rìnlélógún. Rúlà kan náà ni."

Ká ní Ọlọ́wẹ̀ ni, bóyá ọmọ náà ni ìbá gbẹ́ tóbi, kí ọkọ̀ kéré bí eṣinṣin lókè orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lórí ìwọ̀n tiwọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí igi kékeré náà ti dúró níbẹ̀, n kò tún lè wo ọkọ̀ náà láì kọ́kọ́ wo igi. Bí ìwọ̀n méjèèjì ṣe lè pàdé nìyẹn: kí a fi rúlà tí a fi wọn irin wọn ènìyàn pẹ̀lú, kí a sì gbé wọn sí ibi tí olúkúlùkù wà ní ọjọ́ náà.

Ìyàwó wa ti wá wò ó. Ó gbójú sókè fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dán jù báyìí lọ. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n mi ti tún sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì ń fi aṣọ nù ún.