Mọ́tò Eré Ìje: Bí Ọmọ Wa Ṣe Rí Sẹ́tíìnì Tirẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Yerwa, bí ẹ bá ti ka ìròyìn ìsọmọlórúkọ àti ti ìgbéyàwó tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní àyè díẹ̀. Àwọn bàbá kan nínú ẹgbẹ́ ti bi wá léèrè pé kí ni èrè eré ìje mọ́tò inú tẹlifíṣọ̀n tí ọmọ wa ń fi alẹ́ ṣe. A kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ ròyìn.

Orúkọ eré náà ni Gran Turismo 4. Ilé iṣẹ́ Polyphony Digital ti ilẹ̀ Jàpáàn ló ṣe é, ó sì jáde lóhùn-ún ní ìparí ọdún 2004 fún ẹ̀rọ PlayStation 2. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí agbára wa ká nìyẹn, àlòkù ni a sì rà. Mọ́tò tó wà nínú rẹ̀ lé ní 700. Ẹni tó bá ti fi owó tó jẹ nínú eré náà ra àwọn ohun ìtúnṣe lè mú sípíríǹgì mọ́tò rẹ̀ le tàbí kí ó mú un rọ̀; ó lè gbé ọkọ̀ sókè tàbí kí ó sọ ọ́ sílẹ̀; ó lè na jíà gùn tàbí kí ó gé e kúrú. Gbogbo èyí ni àwọn ọmọ ń pè ní sẹ́tíìnì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ìbàdàn ló kọ́kọ́ mọ eré yìí. Nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó na ọmọ wa lálọ lábọ̀. Kò mọ síbẹ̀, ó tún ń fi Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọmọ wa a máa fi Haúsá lú u. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Òkè Ọya yìí, ẹ ò mọ mọ́tò wà.” A bá a wí, ó sì dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọmọ wa lára. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí ìhín mọ ohun tí à ń wí. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní àlejò níhìn-ín, tó tún délé tí wọ́n ń pè é ní Gàm̀bàrí, ibo ni kí ó fi ṣe ilé? Lẹ́yìn tí ìbátan rẹ̀ lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yìí sọ fún ìyá rẹ̀ pé bóyá lóòótọ́ ni orí òun kò pé tó ti àwọn ọmọ ilé. Nígbà tí a gbọ́ èyí ni a fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Honda Civic ni mọ́tò rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi díje ni Nürburgring ti ilẹ̀ Jámánì, èyí tó gùn ju kìlómítà 20 lọ, tó jẹ́ òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kọ́nà lórí kọ́nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kò ṣahun. Ó kọ gbogbo nọ́ńbà sẹ́tíìnì tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Ọmọ wa há wọn sórí bí ẹni há kéú, ó fi wọ́n sí mọ́tò rẹ̀, mọ́tò sì ń wọ inú koríko ṣáá. A wo ọwọ́ rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ mú páàdì tuntun wá láti Ìbàdàn, ó sì ń fi ọ̀pá kékeré orí rẹ̀ yí sítíárì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá ti páàdì tiwa ti kú. Bọ́tìnnì ni ọmọ wa ń tẹ̀, bọ́tìnnì kò sì mọ díẹ̀: bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó yí tán. Mọ́tò tí a mú le fún ọwọ́ jẹ́jẹ́ yóò ta bí ẹṣin lábẹ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ó pa nọ́ńbà ilé rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021 tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti wó òpó iná ọ̀nà Damaturu, tí ìlú wa sì wà lókùnkùn fún ìgbà pípẹ́, ilé wa ti mọ bí a ti ń fi wákàtí díwọ̀n epo jẹnẹrétọ̀, àṣà náà kò sì tíì kúrò lára wa. Wákàtí kan ni tirẹ̀ lálẹ́. Yíyí ọ̀nà náà ká lẹ́ẹ̀kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lè sá a kí iná tó kú. A wá fi òfin lélẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa yí padà, kí ó sá a lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì kọ àkókò sínú ìwé kó tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́rin padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́.

A ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Ó ní òun ń yí sítíárì, imú ọkọ̀ kò tètè yí, síta kọ́nà ló ń forí lé. Táyà iwájú ló ń fa Civic, òun náà ló sì ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ méjì lọ́rùn ìwọ̀fà kan. Ó mú sípíríǹgì iwájú rọ̀ díẹ̀. Láti ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 20, ó bọ́ sí 9 àti 9. Lẹ́yìn èyí ó kan jíà. Ó ti nà án gùn nítorí pé iye eré tó kọ síbẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n mọ́tò náà kò rí ibi tí yóò ti sá eré ọ̀hún láàárín kọ́nà. Ó gé e kúrú, ó sì bọ́ sí 8 àti 58. Ojú wá ń kán an. Ó sọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ bí àkèré nítorí ó ti gbọ́ pé ti àwọn eléré ìje kì í ga. Ní gbogbo orí òkè, inú rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó sì padà sí 9 àti 31. Ìyẹn náà wà nínú ìwé.

Nínú eré yìí kan náà, oríṣi méjì ni ọ̀nà Le Mans ti ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan ní ọ̀nà gbọọrọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 6 láìsí ìdíwọ́. Ìkejì ní kọ́nà tí wọ́n fi dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é ní tòótọ́ ní ọdún 1990. Jíà tó bá ọ̀kan mu yóò pa èkejì lára. Dérẹ́bà Borno mọ èyí láìkàwé: ẹni tó ń lọ sínú iyanrìn a tú afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀, ẹni tí òjò sì bá lórí ilẹ̀ dúdú firki lápá Dikwa mọ̀ pé táyà tó dán kò ní gbé òun jáde. Ní tiwa ní réluwéè, ọ̀nà ni wọ́n ń tò fún ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́ irin láti Kuru dé Maiduguri, bíi kìlómítà 640, tó parí ní 1964, ojú irin kò lè máa lọ tààrà títí. Níbi tí réluwéè bá ti yí, irin apá òde ni wọ́n ń gbé ga díẹ̀ ju ti inú lọ. Nígbà tí a ṣàlàyé èyí fún ọmọ wa, ó ní kí a yà á fún òun.

Àwọn tó ń béèrè èrè, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2011, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Jann Mardenborough, ẹni ọdún 19, borí nínú ìdíje GT Academy tí wọ́n fi Gran Turismo ṣa àwọn ọmọ. Wọ́n kọ́ ọ ní mọ́tò gidi, ní 2013 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ipò kẹta ní ìsọ̀rí tiwọn ní Le Mans. A kò sọ pé tiwa yóò dé ibẹ̀. Epo wa kò tó o.

Àkókò tí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa fi sílẹ̀ ni ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 49. Bí a ti ń kọ ìwé yìí, ọmọ wa wà ní 8 àti 52. Oṣù Kẹjọ ni ìbátan rẹ̀ ń padà bọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí a ra páàdì tuntun, ó ní kí a má ràá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wo ìwé nọ́ńbà náà, kí ó rán an wá lọ́sàn-án Sátidé, kí ó sì mú epo díẹ̀ dání.